IKÙN ŃLÁ KÌ Í ṢE Ẹ̀RÍ ỌRỌ̀
Èrò Òdì Mẹ́fà Tó Ń Ba Ara Àwọn Ọkùnrin Wa Jẹ́

Kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ yìí síwájú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún màmá àwọn ọmọ kí wọ́n bá yín wá àwòrán ìgbéyàwó yín jáde. Ẹ wo ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ kóòtù nínú àwòrán náà. Ẹ wo bẹ́líìtì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wo bẹ́líìtì tí ẹ sán lónìí. Ihò mélòó ló ti sún síwájú? Àwọn mìíràn nínú wa kò tilẹ̀ sán bẹ́líìtì mọ́, agbádá ni wọ́n fi ń bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

A lè fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nìkan kọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn mọ ohun tí wọ́n máa ń tìtorí rẹ̀ kan ilẹ̀kùn ẹni lóru: bàbá kan tí kò tíì pé ọgọ́ta ọdún ṣubú ní balùwẹ̀, tàbí ọwọ́ kan ẹsẹ̀ kan kọ iṣẹ́ lójijì. Ìyàwó ń sunkún, ọmọ tó wà ní yunifásítì ń bèèrè ẹni tí yóò san owó ilé-ìwé òun, àwọn ẹbí sì ń wo ara wọn lójú láti mọ ẹni tó ṣe é. Èmi kò sọ pé kò sí ọ̀tá láyé. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a máa ka gbogbo ikú òjijì sí ọ̀tá lọ́rùn, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò wọ̀n rí ti ń gbé inú ara ẹni náà láti ọdún pípẹ́.

Ohun tó sì dunni jù ni pé púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Òṣìṣẹ́ kára ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn ìdílé wọn. Èrò tí kò tọ̀nà tí wọ́n gbà gbọ́ nípa ara wọn ló ṣe wọ́n. Mẹ́fà nínú irú èrò bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

1. "IKÙN Á YỌ DANDAN LẸ́YÌN OGÓJÌ ỌDÚN"

Nílẹ̀ wa, bí ọkọ ìyàwó bá tín-ín-rín, wọn a ní ìyàwó rẹ̀ kò tọ́jú rẹ̀. Bí ikùn rẹ̀ bá wá yọ, wọn a ní owó ti dé, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní alága. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tún gbà pé bí ọkùnrin bá ti pé ogójì ọdún, iná tó ń jó oúnjẹ nínú ara rẹ̀ ti kú nìyẹn, kò sí ohun tó tún lè ṣe sí i.

Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé àbọ̀ ìwádìí ńlá kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n ti wọn bí ara àwọn ènìyàn tó lé ní 6,400 láti orílẹ̀-èdè 29 ṣe ń lo oúnjẹ, láti orí ọmọ ọwọ́ títí dé orí arúgbó ẹni ọdún 95. Ohun tí wọ́n rí ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Bí a bá ti ṣírò ti bí ara olúkúlùkù ṣe tóbi sí, iná yìí ń jó bákan náà láti ogún ọdún títí dé ọgọ́ta ọdún. Ìgbà tí a bá kọjá ọgọ́ta ni ó tó ń lọ sílẹ̀, èyí náà kò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ikùn ń yọ ní ogójì? Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Ìgbà náà ni a ra mọ́tò. Ìgbà náà ni a di ọ̀gá níbi iṣẹ́, tí ọmọ ìṣẹ́ ń bá wa gbé fáìlì, tí àwọn ọmọ nílé ń bá wa pọn omi. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni a ń jẹ iyán, a ó sì sùn tì í. Gbogbo Sátidé ni òde àríyá, mínírà méjì-méjì lórí tábìlì. Àwọn àgbà ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àwa kò fi orí ru tiwa, iwájú ni a gbé e sí.

Ọ̀rá tó wà nínú ikùn, èyí tó yí ìfun àti ẹ̀dọ̀ ká, léwu ju èyí tó wà lábẹ́ awọ lọ. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn. Ẹ mú téèpù àwọn télọ̀, kí ẹ fi wọn àárín ìsàlẹ̀ ìhà àti egungun ìbàdí, ní nǹkan bí ọ̀gangan ìdodo. Kì í ṣe ibi tí ṣòkòtò sá pamọ́ sí lábẹ́ ikùn o! Fún ọkùnrin, bí ó bá ti tó ínǹṣì 37, èyí tí í ṣe sẹ̀ǹtímítà 94, ìkìlọ̀ ti dé.

2. "IṢẸ́ MI TI TÓ MI NÍ ERÉ ÌDÁRAYÁ"

Bí a bá sọ fún àwọn bàbá pé kí wọ́n máa rìn, èsì tí a máa ń gbọ́ ni pé, "Pásítọ̀, gbogbo wàhálà tí mò ń ṣe láti àárọ̀ yìí kò ha tó?" Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́, nítorí pé ó rẹ̀ wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ó rẹ ènìyàn, ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn lo ara. Awakọ̀ tó fi wákàtí mẹ́ta jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Ìbàfò dé Berger, ó rẹ̀ ẹ́ dé egungun, bẹ́ẹ̀ ni kò rin ogún ìṣísẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, dókítà kan ní Lọ́ńdọ́nù, Jerry Morris, fẹ́ mọ ohun tó fà á tí àrùn ọkàn fi ń pa àwọn ọkùnrin. Ó lọ yẹ àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ìlú náà wò, àwọn ọkùnrin ẹni ọdún 35 sí 64. Awakọ̀ àti kọ́ńdọ́kítọ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ kan náà, lójú ọ̀nà kan náà, nínú èéfín kan náà. Ṣùgbọ́n awakọ̀ jókòó, kọ́ńdọ́kítọ̀ sì ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè sódò láti gba owó ọkọ̀, nǹkan bí àtẹ̀gùn 500 sí 750 lójúmọ́. Nígbà tí Morris gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1953, ó hàn gbangba pé àrùn ọkàn kò pọ̀ láàárín àwọn kọ́ńdọ́kítọ̀ tó bó ṣe pọ̀ láàárín àwọn awakọ̀. Àwọn kọ́ńdọ́kítọ̀ tí ó sì mú, kì í tètè mú wọn, kì í sì pa wọ́n tó ti àwọn awakọ̀.

Àwọn kan ní bóyá àwọn awakọ̀ ti sanra kí wọ́n tó gba iṣẹ́. Morris lọ wo ìwé tí wọ́n fi ń rán aṣọ iṣẹ́ fún wọn, ó sì rí i ní ọdún 1956 pé lóòótọ́ ni ìbàdí ṣòkòtò àwọn awakọ̀ fẹ̀ ju ti kọ́ńdọ́kítọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún wá a wò dáadáa, bí a bá fi awakọ̀ àti kọ́ńdọ́kítọ̀ tí ara wọn rí bákan náà wéra, kọ́ńdọ́kítọ̀ náà ló tún sàn jù. Àtẹ̀gùn yẹn ló ń ṣiṣẹ́ fún un. Morris fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 2009, ẹni ọdún 99 ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó ní báńkì, ní sẹkitéríàtì, ní ìsọ̀, àti àwa tí a ń jókòó ní ọ́fíìsì ìjọ, awakọ̀ ni gbogbo wa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí olúkúlùkù wá àtẹ̀gùn tirẹ̀.

3. "ERÉ ÌDÁRAYÁ KÌ Í ṢE TI ẸNI Ẹ̀MÍ"

Àwọn kan a máa tọ́ka sí lẹ́tà àkọ́kọ́ tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Tímótíù, orí kẹrin, ẹsẹ kẹjọ, pé àpósítélì náà ní èrè eré ìdárayá kéré. Ẹ jẹ́ kí a kà á dáadáa. Pọ́ọ̀lù ń fi èrè ara wé èrè ìwà-bí-Ọlọ́run tó dé ayé àti ayé tó ń bọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun ayérayé, kí ni kò kéré? Owó oṣù náà kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ a kì í kọ̀ ọ́ ní ìparí oṣù. Pọ́ọ̀lù kò sọ pé kò ní èrè rárá.

Ìgbésí ayé Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ sì jẹ́rìí. Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí ogún, ẹsẹ kẹtàlá, sọ fún wa pé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi láti Tíróásì lọ sí Ásósì, òun yàn láti gba ilẹ̀ lọ, ìrìn nǹkan bí kìlómítà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá lè gun àtẹ̀gùn kan kí ó má mí hẹlẹhẹlẹ, báwo ni yóò ṣe ṣe irú iṣẹ́ ìhìnrere bẹ́ẹ̀?

4. "ÒÓGÙN, ÀWẸ̀ ÀTI ÌGÒ LÓ Ń FA IKÙN WỌLÉ"

Ọkùnrin fẹ́ràn ọ̀nà àbùjá. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni kí a wọ aṣọ ọ̀rá tàbí súwẹ́tà nípọn láti sáré kí òógùn lè pọ̀. Omi ni òógùn, kì í ṣe ọ̀rá. Bí ènìyàn bá ti mu omi tán, ìwọ̀n tó dínkù ti padà nìyẹn. Nínú oòrùn tiwa yìí, irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lè mú kí ara gbóná kọjá ààlà, kí ẹni náà sì dákú.

Òmíràn ni kí a máa dùbúlẹ̀ kí a máa gbé àyà sókè ní ìgbà ọgọ́rùn-ún láràárọ̀ kí ikùn lè wọlé. Eré yẹn dára fún iṣan ikùn, ṣùgbọ́n iṣan náà kì í jẹ ọ̀rá tó wà lórí rẹ̀. Ara ló ń yan ibi tí yóò ti mú ọ̀rá, kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ wa. Ìgbà tí gbogbo ara bá ń lo oúnjẹ ju èyí tó ń wọlé lọ ni ikùn náà tó ń fà.

Ní ti àwẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwẹ̀ máa jẹ́ ti àdúrà. Ẹni tó gbààwẹ̀ títí di aago mẹ́fà, tó wá fi òkèlè mẹ́jọ àti mínírà ṣínu, kò tíì dín nǹkan kan kù. Ẹni tó sì gbà á tọ̀sán-tòru fún ọjọ́ púpọ̀ láìlo ara, ẹran ara tó fi lágbára ń lọ pẹ̀lú ọ̀rá. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbààwẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Èyí tó kù ni ìgò: oríṣiríṣi omi kíkorò tí wọ́n ń tà ní ibùdókọ̀, pé ó ń fọ ikùn, ó ń lé jẹ̀díjẹ̀dí, ó sì ń fún ọkùnrin lágbára. Ọtí wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sọ lórí pẹpẹ ṣùgbọ́n tí ó yẹ kí a sọ nínú ìwé. Bí agbára ọkọ nínú yàrá bá ń dínkù, kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ló lè fà á, kì í sì í ṣe ìyàwó ló di àjẹ́. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tíntìntín ni iṣẹ́ yẹn gbára lé, wọ́n sì lè bàjẹ́ ṣáájú ti ọkàn. Ó lè jẹ́ pé ara ń kìlọ̀ ohun tó ń bọ̀ ni. Kí ọkùnrin tó lọ ra ìgò, kí ó kọ́kọ́ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó sì yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

5. "AGBÁRA MI ÀTIJỌ́ ṢÌ WÀ NÍBẸ̀"

A mọ bó ṣe máa ń rí ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde. Ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin yóò bá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ gbá bọ́ọ̀lù. Bàbá tí kò sáré láti ọjọ́ Àjíǹde èṣí yóò wọ ṣòkòtò péńpé, àwọn ìyá yóò máa hó, bàbá yóò sì rántí pé òun ni wọ́n ń pè ní Odegbami ní ilé-ìwé gíga. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iṣan ẹsẹ̀ ti já, tàbí kí nǹkan tó burú ju ìyẹn lọ ṣẹlẹ̀.

Ọkàn tí a kò mú lo láti ọjọ́ pípẹ́ kì í fẹ́ kí a já lù ú. Eré àṣelé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kì í ṣe ìdárayá, ewu ni, pàápàá fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ọkàn bá ti fara pamọ́ sí lára. Bí ẹ bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Àjíǹde, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti oṣù Kìíní. Ẹ̀sọ̀, ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

6. "Ó TI PẸ́ JÙ FÚN MI"

Èyí ni èrò tó ba ọ̀pọ̀ àgbà jẹ́. "Egungun mi ti gbó. Bí mo bá rìn jù, orúnkún mi á tán." Orúnkún kì í ṣe táyà mọ́tò tí lílò ń jẹ. Ó nílò ìrìn kí oúnjẹ tó ń bọ́ ọ lè kárí, ó sì nílò itan tó lágbára láti ràn án lọ́wọ́. Àwọn tó ní aromọléegun ní orúnkún gan-an, ìrìn àti eré tó ń fún itan lágbára wà lára ohun tí àwọn dókítà ń sọ pé kí wọ́n máa ṣe.

Ní ọdún 1990, dókítà obìnrin kan ní Boston ní Amẹ́ríkà, Maria Fiatarone, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tẹ àbọ̀ iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n mú arúgbó 10, lọ́kùnrin lóbìnrin, ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, ẹni ọdún 86 sí 96. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fi ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ohun wíwúwo, ní ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, wọ́n sì ń fi kún un bí agbára wọn ṣe ń pọ̀ sí i. Mẹ́sàn-án ló ṣe é dópin. Agbára ẹsẹ̀ wọn fi ìdá 174 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Méjì nínú wọn kò lo ọ̀pá mọ́. Ẹran itan wọn pọ̀ sí i, ní nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún!

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù. Nígbà tí wọ́n dá eré náà dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré, nǹkan bí ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún agbára náà ti lọ. Mánà ni agbára ara. Ti àná kì í tó ti òní.

Ẹni ọdún 85 ni Kálẹ́bù nínú ìwé Jóṣúà orí kẹrìnlá nígbà tó béèrè fún òkè tí àwọn òmìrán ń gbé. Kò béèrè fún àga onítìmùtìmù. Oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ rin aginjù fún ogójì ọdún ni pẹ̀lú.

KÍ NI KÍ A WÁ ṢE?

Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2020 kò le. Kí àgbàlagbà fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tí yóò mú kí èémí rẹ̀ yára díẹ̀, kí ó sì fi ọjọ́ méjì ó kéré tán lo iṣan gbogbo ara. Ẹni tó bá ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tún gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ṣe eré tí yóò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró ṣinṣin kí ó má baà máa ṣubú. Kò gba kí a san owó fún ẹnikẹ́ni.

Fún ìrìn: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, kíákíá dé ibi tí ẹ fi lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin. Ẹni tí kò rìn rí, kí ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ dára, kí oòrùn tó mú.

Fún agbára: ẹ jókòó sórí àga, kí ẹ dìde láìfi ọwọ́ tì í, ní ìgbà mẹ́wàá. Ẹ gbé ọwọ́ lé ògiri, kí ẹ máa tì í bí ẹni ń ti mọ́tò tó kú, ní ìgbà mẹ́wàá. Ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ di ara tábìlì mú, kí ẹ fi ẹsẹ̀ kan dúró, kí ẹ yí sí èkejì.

Fún oúnjẹ: kò sí ẹni tó ní kí ẹ kọ àmàlà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òkèlè kéré, kí ẹ̀fọ́ pọ̀, kí ẹja tàbí ẹ̀wà má wọ́n, kí ilẹ̀ má tíì ṣú jù. Omi ni kí ẹ fi rọ́pò mínírà.

Fún ìdákọ́ńkọ́: ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín bí ara tilẹ̀ le. Bí ó bá ń tó 140 lórí 90 léraléra, ẹ má fi ṣeré, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má sì dá oògùn tí wọ́n fún yín dúró nítorí pé ẹ ti ń rìn. Bí àyà bá ń fún yín, tí ìrora ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí èémí ń há tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ẹ̀yin ìyá wa, ọwọ́ yín ni abọ́ wà. Ẹ má ṣe fi iye òkèlè wọn ìfẹ́ ọkọ yín mọ́. Ẹ bá wọn jáde rìn nírọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya tí kò ráyè sọ̀rọ̀ nínú ilé yóò rí i pé ojú ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ sí i. Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin, ẹ fi ìrìn Sátidé kan kún ètò oṣù, kí ẹ sì pe nọ́ọ̀sì tó wà nínú ìjọ kí ó wá wọn ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa lẹ́yìn ìsìn.

Àwọn ọmọ wa kò nílò bàbá tí fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri nìkan. Wọ́n nílò ẹni tí yóò dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, tí yóò gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ sókè láìdi ìbàdí mú. Kí Olúwa fún wa ní ẹ̀mí gígùn, kí ó sì fún wa ní ọgbọ́n láti tọ́jú ara tí ó fi jíǹkí wa. Àmín.